Epo Tí A Dà Jáde Tí A Tún Dà Padà

Ẹ wá jókòó. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná kó kọ́kọ́ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí n kì í yára sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yìí pàápàá kò sì ṣeé gbọ́ ní ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú díẹ̀, ohùn mi ti rẹlẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe kú, àti ohun tí ọwọ́ tèmi ṣe nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán, èmi nìkan ló kù.

Ní Manigri la wà, lábẹ́ ìjọba Faransé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dahomey. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Àwọn ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè iṣu ládùúgbò wa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti kọjá lábẹ́ òòlù rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí fún un kó tó kú: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi. Mo ti lọ sílé ọkọ, ọkọ mi kú, mo sì kó àwọn ọmọ mi padà sílé bàbá mi. Obìnrin tó ti gbọ́n ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ má rò pé ọmọdé ló ṣìṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn Faransé jagun lókè òkun. Nígbà tó padà dé, ó mú kóòtù sójà kan bọ̀, ó mú ikọ́ kan bọ̀ tí kò tíì le nígbà náà, ó sì mú ìfẹ́ ẹ̀rọ bọ̀. Ẹ̀rọ ògbólógbòó kan wà ní Bassila tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà kò fẹ́ mọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó gbé e wá sí Manigri nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó so ó mọ́ ọlọ irin, ó sì ń bá àwọn obìnrin lọ àgbàdo àti gbodo, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́nu ọlọ. Gbogbo ara mi á funfun, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Iwin ti dé," àwọn ọmọ mi á sì sá.

Gásóòlù, epo ọkọ̀ akẹ́rù, ni ẹ̀rọ náà ń mu. Agolo epo wà lókè. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí agolo lọ sínú asẹ́, láti inú asẹ́ lọ sínú pọ́ǹpù, láti inú pọ́ǹpù lọ sí orí ẹ̀rọ níbi tí epo ti ń fọ́n wọlé. A kì í ṣáná sí i. Ọwọ́ irin kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń yí i, á yí i títí ẹ̀rọ á fi sín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò mọ inú rẹ̀. Ẹni tó mọ inú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Bassila, ọmọ Àjàṣẹ́, gbogbo wa ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ọjọ́ tó wá so ẹ̀rọ náà, ó fi ọ̀dà pupa kun àwọn búlọ́ǹ kékeré mẹ́ta, irin tí a ń yí dè tí a sì ń yí tú, ọ̀kan lára asẹ́, ọ̀kan lára pọ́ǹpù, ọ̀kan lókè níbi tí páìpù parí sí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó ní: "Ọ̀rẹ́ mi, má fọwọ́ kan èyí tí mo kùn ní pupa. Má sì jẹ́ kí agolo yìí gbẹ láéláé. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Ránṣẹ́ sí mi, màá wá, iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí agolo kò bá gbẹ, tí ẹ̀rọ sì dákẹ́, pọ́ǹpù ló kú nìyẹn. Tú u, kí o gbé e wá."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀?"

"Ṣé ojú rẹ ò ní rí agolo ni? Ìwọ tí o lọ sójú ogun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́ ju ẹ̀rín lọ.

Ikọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kí òjò ọdún tí mò ń wí yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílé ìwòsàn kékeré ní Bassila. Ọkùnrin tó ń gún abẹ́rẹ́ níbẹ̀ gbé etí lé e láyà, ó ní, "Òjò kò gbọdọ̀ pa ọ́. O kò gbọdọ̀ ru ẹrù. Bí o bá ṣe méjèèjì pọ̀, má wá bá mi mọ́, lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ sàréè." Ẹ̀gbọ́n mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó délé. Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín.

Nílé wa, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu, irin gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ kan. Ìdùbúlẹ̀ irin là ń pè é. A ó yọ ọkọ́ kúrò lára igi rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi òrí pa á, a ó tẹ́ ewé iṣu sílẹ̀ fún un. Àdá kò gbọdọ̀ ní koríko lára. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ ní oje iṣu lẹ́nu. Ìbọn ọdẹ pàápàá, a ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ jáde, nítorí irin kankan kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú iṣẹ́ nínú lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀tù á padà sínú ìbọn, ọkọ́ á padà sára igi, a ó sì jẹ iṣu.

Lọ́dún tó ṣáájú, Bàbá ti ní kí ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

"Ṣé irin ni, àbí kì í ṣe irin?"

"Irin ni, Bàbá," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Kí ló wá dé tí kò ní sinmi?"

"Mo lè pa á dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ìbọn. Bí ẹ bá da ohun inú rẹ̀ jáde, ẹ ti bà á jẹ́."

Bàbá padà sínú àgbẹ̀dẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, tó ń wo ẹ̀rọ, tó ń wo ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí. "Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ lo wà nítòsí wọn. Ṣé o kò rí i? Ẹ̀rọ yẹn ń mí, ọmọ mi kò lè mí. Níbo lo rò pé ẹ̀rọ náà ti ń rí èémí?" Kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mo sọ fún yín kí ẹ má baà gbé ẹ̀bi ka orí ẹni tí kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ìdùbúlẹ̀ irin ọdún náà bọ́ sí ìgbà tí bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kú ní Pénéssoulou. Tọkọtaya lọ síbi ìsìnkú, ó ku èmi àti Bàbá nílé. Bàbá ní kí n mú kélé wá, irin tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yí búlọ́ǹ. N kò fọwọ́ kan èyí tó pupa. Páìpù tó wà ní ìdí agolo ni mo tú, gásóòlù sì ń ṣàn jáde sínú ìkòkò méjì títí kò fi ku nǹkan kan. Mo fi ìró mi àtijọ́ nu inú agolo. Bàbá fúnra rẹ̀ fi òrí pa ẹ̀rọ náà láti òkè délẹ̀, gbogbo ihò, gbogbo orígun, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ ìkókó. Ó tẹ́ ewé iṣu sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ún, ó ní, "Jọ̀wọ́. O ti sinmi báyìí. Fi ọmọ mi sílẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dá páìpù padà, mo da epo padà sínú agolo títí ó fi dé ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá ní, "Má sọ fún un. Á ní mo fẹ́ sọ ẹ̀rọ òun di òrìṣà." Mo ní ó dára. Ohun tí a dà jáde tí a tún dà padà, lójú tèmi, kò kúrò níbì kankan. Ẹ̀tù ìbọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìbọn sì ń dún.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ dé. Àwọn obìnrin ti tò sílé ọlọ pẹ̀lú agbọ̀n gbodo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ irin mú, ó yí i. Ẹ̀rọ kò sín. Ó tún yí i, kò rú èéfín, kò ṣe nǹkan kan. Ó yí i títí ikọ́ fi gbé e jókòó.

Obìnrin kan sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá Ẹ̀rọ, ṣé ẹ̀rọ yín náà ń ṣọ̀fọ̀ àna yín ni?"

Òmíràn ní, "Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nìyí tí mo bá pè é lọ oko. Ẹ fi omi gbóná sí i lẹ́sẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń gbé agbọ̀n wọn sórí, wọ́n ń padà sídìí odó.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí agolo, ó yọjú sí i. Epo wà níbi tó fi í sí. Ó fi ìka kan ara ẹ̀rọ. "Ta ló fi òrí pa á?"

"Èmi ni," Bàbá dáhùn láti inú àgbẹ̀dẹ. "Ṣé òrí náà á pa á ni?"

"Òrí ò lè pa á, Bàbá." Ó wá yíjú sí mi. "Àbúrò mi, ìwọ lo wà nílé. Ǹjẹ́ agolo yìí gbẹ lẹ́yìn mi?"

Mo wo Bàbá. Ó tẹjú mọ́ iná. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ ló wà."

"Ó dára. Pọ́ǹpù ló kú nígbà náà."

Kò tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ó lo ọjọ́ kan gbáko láti tú pọ́ǹpù. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òjò oṣù iṣu tuntun tí kì í dá. Nígbà náà, bí òjò bá rọ̀, ìjọba á gbé igi dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá kí ọ̀nà má baà bàjẹ́. Igi ti wà nílẹ̀. Ìrìn òwúrọ̀ kan ni Manigri sí Bassila fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Bàbá ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní pọ́ǹpù yìí dà bí ẹyin, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè rù ú, òun fúnra òun sì fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá Ẹ̀rọ bá ṣí i.

Mo sìn ín dé odò tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó bọ́ kóòtù sójà rẹ̀, ó fi wé pọ́ǹpù, ó gbé e rù. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú bùbá lásán, òjò sì ń rin ín.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rù ú."

"Ìwọ tí o máa ń ṣubú lórí ebè? Padà sílé."

"Ẹ dúró kí òjò dá."

"Àwọn obìnrin yẹn ti padà sídìí odó nítorí mi. Tí òjò ò bá dá ńkọ́?"

Ó wọ inú omi. Omi dé e ní itan. Mo pè é: "Ẹ̀gbọ́n!"

Ó dúró láàárín odò, kò lè yíjú padà dáadáa nítorí ẹrù orí rẹ̀. "Kí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ó gbẹ. Mo ní, "Ẹ rọra o."

Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá Ẹ̀rọ nìkan ló dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n so ẹrù kan tí wọ́n fi kóòtù wé sẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ó ní ó wà lórí ẹní nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ gbóná, kò lè dìde. Ó tú pọ́ǹpù jáde, ó gbé e lé ọwọ́. "Kò sí ohun tó ṣe eléyìí. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Mo wá wo ẹ̀rọ náà fúnra mi."

Ó dá pọ́ǹpù sípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń fi ọwọ́ tọ páìpù lọ sókè, díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi dé ìdí agolo. Ó dúró níbẹ̀. Ó fi èékánná ha nǹkan kan jáde nínú ẹsẹ̀ búlọ́ǹ, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òrí. Mo gbọ́ pé ẹ fi òrí pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni òrí ṣe dé inú ibí yìí, bí ẹnikẹ́ni ò bá tú u?" Ó wo gbogbo wa. "Ta ló tú páìpù yìí?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo da epo jáde, mo sì dà á padà."

Bàbá jáde láti inú àgbẹ̀dẹ. "Èmi ni mo rán an."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Kò bú wa. Ìbá sàn kó bú wa. "Afẹ́fẹ́ ni," ó ní. "Afẹ́fẹ́ lásán. Ká ní ẹ ti ránṣẹ́ sí mi, ọkùnrin yẹn ì bá wà nínú ilé rẹ̀." Ó dìde, ó na kélé sí mi. "Ẹ gbà, ìyá. Kí ọwọ́ tó tú u dá a padà."

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ní kí n tú búlọ́ǹ pupa ara asẹ́, kí n má yọ ọ́ tán. Mo tú u. Kì í ṣe epo ló kọ́kọ́ jáde, èémí ni, ó ṣe fùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi. Lẹ́yìn náà ni fófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí itọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ní, "Ẹ má tì í. Ẹ dúró." Fófòó ń jáde, ó ń dínkù, títí epo fi ń ṣàn geere láìsí èéhó. "Ẹ tì í." Ó tún di ti pọ́ǹpù, bákan náà. Ti òkè ló ṣòro. Òun ló ń yí ọwọ́ irin, èmi ń wo ẹnu páìpù tí mo ti dẹ̀. Ó tu fófòó, ó dákẹ́, ó tún tu fófòó. Nígbà tó ṣe, epo tó mọ́ fọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bà mí lójú. "Ẹ tì í! Ẹ tì í le!"

Bí a bá gbé iṣu kaná lákòókò tí a bẹ̀rẹ̀, kò ní tíì rọ̀ nígbà tí a parí. Ó yí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sín, ó rú èéfín dúdú, ó sì gbera. Àwọn obìnrin ké lójúde, wọ́n ń sáré lọ gbé agbọ̀n wọn. Bàbá padà sínú àgbẹ̀dẹ, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

N kò dúró. Mo gba ọ̀nà Bassila nínú òjò náà.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ẹní lábẹ́ ìloro ilé ìwòsàn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì, síbẹ̀ èémí tó ń rí kò tó nǹkan. Igbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tutọ́ sí, n kò jẹ́ kí ojú mi pẹ́ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, agolo náà gbẹ. Èmi ni mo da epo jáde. Mo purọ́ fún yín."

Ó ní, "Mo rí òrí lẹ́nu páìpù, ní ìdí agolo, lọ́jọ́ tí mo ń tú pọ́ǹpù."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo sọ pé rárá."

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ó tún ní, "Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ó ti gbera. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ọ̀gá yí i."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ kò gbà á. "Ṣé ẹ tiẹ̀ nu inú agolo náà, nígbà tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí tán?"

"Mo nù ún. Mo fi ìró mi nù ún."

"Òwú ìró á ti wọ inú asẹ́. Sọ fún Ọ̀gá kó yẹ̀ ẹ́ wò." Ó dijú. "Má sọ fún Bàbá pé mo rí òrí náà."

Èyí ni gbogbo ohun tó bá mi sọ. Kò ní ó dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò dá, oòrùn yọ, ó sì kú. Wọ́n gbé igi kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ tó kọjá láti Bassila sí Manigri ló gbé òkú rẹ̀ wálé. A gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti òkèèrè kí a tó wọ ìlú. Àwọn obìnrin ń lọ gbodo lọ́wọ́. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún wọn.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀fọ̀ pé, ìdílé jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Oko iṣu àti ilé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá wọn sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Kóòtù sójà di ti ọmọ rẹ̀ àgbà, ó wọ̀ ọ́ títí apá rẹ̀ fi ya, bẹ́ẹ̀ òórùn gásóòlù kò kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò wa tí ìyá mìíràn bí, ó gbé e lọ sí Bassila. Nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè, màá rìn lọ, màá lé e jáde, màá rìn padà, títí wọ́n fi ta á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Odó ni ó kù fún àwọn obìnrin Manigri.

Bàbá ní òun kò fẹ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìdùbúlẹ̀ irin ọdún kejì pé, ó kó gbogbo òòlù rẹ̀ sórí ewé iṣu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò kó wọn dìde mọ́.

Kélé ni wọ́n fún mi. Ọ̀dà pupa díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, láti ara àwọn búlọ́ǹ tí mo fi í tú. Lọ́dọọdún, kí n tó jẹ iṣu tuntun, mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń fi òrí pa á, mo sì máa ń tẹ́ ewé fún un. Irin tí kò ní ihò nínú ni. Kò sí ohun tí mo lè dà jáde níbẹ̀.